Ṣé Nítorí Igi àti Ẹranko ni Ọmọ Yóò Ṣe Lọ sí Yunifásítì?

Nígbàkígbà tí èsì ìdánwò BAC bá jáde, iṣẹ́ àwa olùkọ́ a máa yí padà. A kì í ṣe ẹni tí ń kọ nǹkan sára pátákó mọ́. A di ẹni tí àwọn òbí ń wá bá lábẹ́ igi láti bèèrè ọ̀nà. Ní Bàǹtẹ̀ àti ní Savalou, ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá kò pọ̀: ta ni yóò lọ kọ́ òfin, ta ni yóò lọ kọ́ ìṣirò owó, ta ni ọ̀nà iṣẹ́ dókítà lè ṣí fún? Ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan gbé ìbéèrè mìíràn wá bá wa, a kò sì rí ìdáhùn tí ó gún régé fún un lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè ni a fẹ́ san lónìí.

Bàbá náà ń gbin kajú àti iṣu ní ọ̀nà Agoua. Ọmọbìnrin rẹ̀ yege nínú BAC ẹ̀ka D, inú gbogbo ilé sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó fẹ́ lọ kọ́, ó ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igbó àti ẹranko. Ẹnu ya bàbá. Ó jókòó síwájú wa, ó bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ní: “Olùkọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Inú igbó ni ìyá mi bí mi sí. Ọdẹ ni bàbá mi. Nítorí kí ọmọ mi lè kúrò nínú igbó ni mo ṣe rán an lọ sí ilé-ìwé. Ṣé owó kajú mi náà ni n ó tún fi rán an padà síbẹ̀?”

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè wa ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn wọn tí wọn kò sọ ọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ̀kọ́ nípa àyíká kì í ṣe ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ó kó ìmọ̀ nípa ilẹ̀, omi, igi, ojú ọjọ́, òfin àti ìwà ọmọ ènìyàn jọ sí ojú kan. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko náà pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan ń wo ẹran ọ̀sìn: bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń bímọ, irú àìsàn tí ń pa á. Ọ̀nà kejì ń wo ẹran ìgbẹ́: ibi tí ó ń sùn, iye tí ó ṣẹ́ kù, ohun tí ń lé e kúrò ní ibùgbé rẹ̀.

Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ wọn kò ní ṣàìrí ibi tí yóò lọ. Yunifásítì àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey. Òun ni a mọ̀ lónìí sí Yunifásítì Abomey-Calavi. Níbẹ̀ ni ẹ̀ka ìmọ̀ àgbẹ̀ tí a ń pè ní FSA wà, níbẹ̀ náà ni EPAC wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú àti ìlera ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n sì tún ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ tún àyíká ṣe. Yunifásítì Parakou, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, ní ẹ̀ka ìmọ̀ àgbẹ̀ tirẹ̀. Ní Kétu, ní àárín àwọn ìbátan wa, ìjọba dá yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún 2013 fún ìmọ̀ àgbẹ̀ nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, òmíràn wà fún igbó. Ní Ìdààṣà tí kò jìnnà sí wa, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà fún ìmọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí, lábẹ́ yunifásítì ti Àgbómẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà ẹranko lè lọ sí Dakar, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ti ní ilé-ẹ̀kọ́ kan papọ̀ láti ọdún 1968. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹran ìgbẹ́ lè lọ sí Garoua ní Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùṣọ́ ẹran ìgbẹ́ láti ọdún 1970. Ọdún 3 ni oyè Licence, ọdún 5 ni Master, ẹni tí ó bá ní sùúrù láti di ọ̀mọ̀wé yóò fi nǹkan bí ọdún 3 sí i kún un.

“Ó dára,” ni bàbá náà wí, “ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kọ́ nípa igi tí bàbá mi kò mọ̀?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí a fi igi apá dáhùn rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: igi líle tí a fi ń ṣe ilẹ̀kùn àti àga, tí màlúù sì fẹ́ràn ewé rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdẹ tí ó bá gba inú igbó kọjá yóò sọ fún yín pé apá ṣì wà, òtítọ́ ni yóò sì sọ, nítorí pé ó rí àwọn igi ńláńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ igbó kò ní dúró níbẹ̀. Yóò fi okùn pààlà sí ibì kan, yóò wọn ara igi kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ààlà náà ní ibi tí ó fi mítà 1.30 ga sí ilẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ wá àwọn ọmọ igi tí kò ga ju orúnkún lọ. Bí ó bá rí igi ńlá púpọ̀ tí kò sì rí ọmọ igi, ó ti mọ ohun tí ẹni tí ń kọjá lọ kò lè tètè mọ̀: igbó náà ti dà bí abúlé tí àwọn arúgbó nìkan ń gbé. Ẹni tí ó bá kọjá lónìí yóò rí ẹni kí, ṣùgbọ́n ní ọgbọ̀n ọdún sí i, ilẹ̀kùn yóò ti tì.

Kí ni kò jẹ́ kí ọmọ igi náà wà? Ìwádìí tí àwọn ará yunifásítì wa ti ṣe lórí apá tọ́ka sí ohun tí ojú wa náà ń rí. Nígbà tí koríko bá gbẹ, darandaran a gun igi náà láti gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù. Igi tí a ń gé lórí lọ́dọọdún kì í so dáadáa. Igi tí kò so kò ní irúgbìn. Ìwọ̀nba tí ó bá sì hù, iná ẹ̀ẹ̀rùn a jó o. Agégẹdú ní tirẹ̀ ń gé èyí tí ó dàgbà tán. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Darandaran ń bọ́ ẹran rẹ̀, agégẹdú ń wá owó, àgbẹ̀ ń sun oko, ọdẹ ń sun ìgbẹ́. Olúkúlùkù ń wo iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ láti wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀ ni ó lè sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ohun tí wọ́n ń kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ní ilẹ̀ Bàǹtẹ̀ ni igbó ìjọba Agoua wà, igbó tí àwọn Faransé ti pààlà sí kí a tó gba òmìnira ní ọdún 1960. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìjọba gba owó lọ́wọ́ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà láti ṣe ètò fún Agoua pẹ̀lú igbó Monts Kouffé àti Wari-Maro tí ó wà ní àríwá wa, kí àwọn ará abúlé náà lè ní ọwọ́ nínú ìtọ́jú wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Savalou wá sí Bàǹtẹ̀ lónìí yóò rí àpò èédú tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí ń dúró de ọkọ̀ Kútọnù. A kò bú àwọn tí ń sun èédú. Nínú kíláàsì wa, ọmọ wà tí owó èédú ni wọ́n fi ra ìwé fún. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bi ara wa léèrè ohun tí ọmọ ọmọ náà yóò sun.

Ẹ tún wo iṣu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, Savalou a máa ṣe ọdún iṣu, àwọn ọmọ ìlú a ti Kútọnù, Parakou àti òkè òkun wálé. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣu fẹ́ ilẹ̀ tuntun; ilẹ̀ tí ó ti rẹ̀ kì í ta iṣu tó dára. Nítorí náà, àgbẹ̀ a ṣán igbó ọ̀tun, a dáná sun igi, a kọ ebè, lẹ́yìn náà a sún síwájú. Kí àwa tó jẹ iṣu, iṣu ti jẹ igbó. Nígbà tí igbó pọ̀ tí ènìyàn sì kéré, ilẹ̀ a máa rí àyè sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nísinsìnyí, kajú ti gba ilẹ̀ púpọ̀, kajú kì í sì í kúrò níbi tí a bá gbìn ín sí. Ilẹ̀ ìsinmi ń dín kù. Ní agbègbè Collines wa níhìn-ín, ní abúlé mélòó kan ní apá Ìdààṣà, Glazoué àti Ouèssè, àwọn onímọ̀ ti bá àwọn àgbẹ̀ dán an wò láti gbin àwọn ewéko ẹlẹ́pà, èyí tí ń dá okun padà fún ilẹ̀, pẹ̀lú iṣu, kí iṣu lè padà sí oko kan náà láìṣán igbó mìíràn. Ta ni yóò mú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí Pira, Gouka tàbí Tchetti, bí kò bá ṣe ọmọ Pira, Gouka tàbí Tchetti tí ó lọ kọ́ ọ?

Nípa ti ẹranko, àpẹẹrẹ tí ó wù wá jù ni ọ̀yà. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ní ọ̀nà wa mọ àwọn ọmọdékùnrin tí ń gbé ọ̀yà sókè létí títì. Láti rí i pa, iná ni a fi ń lé e jáde nínú koríko, iná náà kì í sì í dúró níbi tí a ní kí ó dúró. Ó ti jó oko kajú ẹni ẹlẹ́ni lọ rí, ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìdílé. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Godomey lórí bí a ṣe lè sin ọ̀yà bí a ṣe ń sin ehoro. Guy Apollinaire Mensah wà lára àwọn onímọ̀ wa tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn wo ohun tí ẹran yìí ń jẹ àti bí ó ṣe ń dàgbà. Wọ́n kọ́ wa pé oyún ọ̀yà a máa tó nǹkan bí ọjọ́ 152, pé ọmọ rẹ̀ a máa bọ́ sáyé pẹ̀lú irun lára àti ojú tí ó ti là, pé koríko tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ gbọ́: bàbá ọdẹ mọ ipasẹ̀ ọ̀yà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ bí a ṣe ń pa á kì í ṣe ìmọ̀ bí a ṣe ń mú un bímọ. Méjèèjì wúlò, ìkejì ni yunifásítì fi kún un.

Àpẹẹrẹ kejì bà wá lọ́kàn jẹ́. Nígbà kan, a ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa nípa àwọn ẹ̀dá tí ń jẹ òkú ẹran. A dárúkọ gúnnugún. A ní kí ẹni tí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí i na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ tí a rí kò tó ìka ọwọ́ kan. Nígbà tí àwa wà ní ọmọdé, orí igi tí ó wà nítòsí ibi ìpẹran ni wọ́n máa ń bà sí, a sì máa ń sọ òkò lù wọ́n. Àwọn àgbà a máa fi wọ́n ṣe àdúrà, pé gúnnugún kì í kú léwe. Ó ti ń kú léwe báyìí o. Ní ọdún 2015, àjọ UICN tí ń ṣètò àkọsílẹ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí lágbàáyé ka irú èyí tí ó máa ń wà láàárín ìlú wa mọ́ àwọn tí ó súnmọ́ àkúrun jù lọ. Májèlé ń pa wọ́n, a sì ń pa wọ́n láti fi ṣe oògùn. Ẹ wo orí wọn lórí àtẹ ní àwọn ọjà wa.

Ẹnìkan lè ní kí ni a fẹ́ fi gúnnugún ṣe. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Íńdíà. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn igún ilẹ̀ Íńdíà àti Pakísítáànì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀lọpọ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń pa wọ́n. Àwọn kan rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ni. Àwọn onímọ̀ ẹranko kó òkú wọn, wọ́n là á, wọ́n yẹ kíndìnrín wọn wò. Ní ọdún 2004, wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí: oògùn ìrora kan tí ń jẹ́ diclofenac ni, tí àwọn ènìyàn ń fún màlúù. Bí màlúù bá kú tí igún sì jẹ ẹ́, kíndìnrín igún a bàjẹ́. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fòfin de oògùn náà fún ẹran, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn igún náà ti lọ. Òkú ẹran wá ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, ẹ̀rù àrùn dìgbòlugi sì pọ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ wo bí oògùn màlúù ṣe di ewu fún ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé. Bí kò bá sí àwọn tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, wọn ìbá ṣì máa pe ikú náà ní àjàkálẹ̀ àrùn títí di òní.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá dúró síbí, a ti purọ́ fún bàbá náà. Ìdí méjì ni ìbéèrè rẹ̀ fi ṣe wá ní kàyéfì lọ́jọ́ náà, ìkan nínú wọn sì jẹ́ ìtìjú tiwa.

Àwa tí a jẹ́ ẹni ogójì ọdún lé mọ ohun tí a ń pè ní signal. Ní ilé-ìwé tí a lọ, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ lọ́rùn, títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Egungun ni tiwa. Nítorí egungun yìí, a kọ́ orúkọ igi ní èdè Faransé àti ní èdè Látìnì, a sì gbàgbé èyí tí ìyá wa ń pè é. Ní ìgbà kan, a kó àwọn ọmọ kíláàsì lọ sí etí igbó, àgbà ọdẹ kan sì bá wa lọ. Ó fọwọ́ kan igi kan, ó bi wá pé kí ni orúkọ rẹ̀. A dáhùn kíá ní èdè Látìnì. Ó ní: “Olùkọ́, kì í ṣe orúkọ tí àwọn Òyìnbó sọ ọ́ ni mo bèèrè. Orúkọ rẹ̀ ni mo bèèrè.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ ọ́n ní èdè Ìsà, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ̀ ọ́n ní èdè Ifẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń ti yunifásítì wá sí abúlé wa. Wọ́n mú ìwé ìbéèrè tí a kọ ní èdè Faransé dání, wọ́n ń bi àwọn àgbà ní ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ. Àgbà náà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun gbà. Pierre Verger tí ó jẹ́ ọmọ Faransé, tí a sọ ní Fátúmbí ní Kétu nígbà tí ó di babaláwo, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó orúkọ ewé jọ lẹ́nu àwọn bàbá wa, ó sì tẹ ìwé Ewé jáde ní ọdún 1995. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ojú ti àwa tí a bí sí ìdí ewé náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà mọ igbó tí èèwọ̀ wà lórí rẹ̀, ó mọ ẹran tí ìdílé kan kì í jẹ, ó mọ odò tí a kì í pẹja nínú rẹ̀. Nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ ni igbó orò wa kan ṣe ṣì dúró nígbà tí igbó ìjọba ń tán lọ. Yunifásítì tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àgbà, àbọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ni.

Ìdí kejì ni iṣẹ́. Bàbá náà ti rí ọmọ tí ó gba Master tí ó ń wa zémidjan ní Kútọnù, àwa náà sì ti rí i. A kò lè búra fún òbí kankan pé ìjọba yóò gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́. Ohun tí a lè sọ ni pé iṣẹ́ náà ń bẹ. Òfin gíga orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1990, ní abala 27, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó mọ́, ó sì fi í ṣe ojúṣe rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Òfin àyíká ti ọdún 1999 bèèrè pé kí a ṣe ìwádìí ohun tí iṣẹ́ ńlá kan yóò ṣe sí àyíká kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin lórí dída ẹran fẹ́ kí a lànà fún màlúù, kí àgbẹ̀ àti darandaran má baà máa pa ara wọn. Òfin kì í dìde rìn fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni yóò wọn ọ̀nà náà, ènìyàn ni yóò kọ ìwádìí náà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò kọjá lọ́dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1985, àlùfáà Godfrey Nzamujo bẹ̀rẹ̀ Songhaï lórí hẹ́kítà ilẹ̀ 1 ní Àjàṣẹ́. Lónìí, Songhaï ní oko ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Savalou, a kò sì ní láti wọkọ̀ jìnnà láti rí i. Níbẹ̀, wọn kì í da ohunkóhun nù: ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, ìdin di oúnjẹ ẹja, omi ẹja di omi ẹ̀fọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àyíká àti ẹranko nìyẹn, láìsí pátákó. Ẹni tí kò bá lè lọ sí yunifásítì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹni tí ó sì ti yunifásítì dé lè lọ wò ó kí ó tó sọ pé iṣẹ́ kò sí.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì ṣe kàn jẹ́ kí ó lọ. Ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ohun mẹ́ta. Oṣù mélòó ni ọmọ yóò lò nínú oko tàbí nínú igbó, kì í ṣe lórí àga? Níbo ni àwọn tí wọ́n ti jáde níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ta ni wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀: ilẹ̀ wa, àbí ilẹ̀ tí a kò ní rí láéláé? Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín bi ara yín ní ẹ̀kẹrin: ilẹ̀ wo ni a ní nílé tí ọmọ yìí lè fi dán ìmọ̀ rẹ̀ wò nígbà ìsinmi?

Ohun tí ó yẹ kí a sọ fún bàbá náà lọ́jọ́ náà ni pé: igbó tí ẹ fẹ́ kí ọmọ sá kúrò nínú rẹ̀ ni ó bọ́ ọ títí ó fi gba BAC. Ẹ kò rán an padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá yín ṣe wà níbẹ̀, ẹ rán an síbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ìyá yín kò ní.

A kò rí i sọ, ṣùgbọ́n bàbá náà gbọ́n jù wá lọ. Ó ta kajú, ó fi ọmọ sí ọkọ̀ Kétu. Nígbà ìsinmi ọdún kejì, a lọ kí wọn lóko. A bá ọmọbìnrin náà pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́, ó ń wọn igi apá mẹ́ta tí ó kù lẹ́yìn oko kajú. Bàbá rẹ̀ ni ó di orí okùn kejì mú. Bí ó ṣe ń dárúkọ igi kọ̀ọ̀kan ní èdè Ìsà ni ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni ó kọ orúkọ Látìnì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ọmọ igi nílẹ̀ títí, wọ́n rí méjì. Bàbá náà ti fi ẹ̀gún yí méjèèjì ká kí a tó kúrò níbẹ̀.

Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ tí a gbàgbé jọ. Ìwé wa ti ní orúkọ igi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí ní èdè Ìsà àti Ifẹ̀, àgbà ọdẹ ọjọ́sí ni olùkọ́ wa. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, ẹ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ kọ orúkọ igi mẹ́wàá sílẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé. Ẹ fún ọmọ yín tí ń lọ sí yunifásítì kí ó mú un dání. Ó dìgbà kan ná.